Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹran ọ̀sìn ní Ìbàdàn: fẹ́rẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ehoro

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹran ọ̀sìn káàkiri ìgboro Ìbàdàn,

Ẹ kú ọjà o. Ẹ kú àmójútó, ajé á wọlé. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe kì í ṣe kékeré. Èmi tí mo ń ránṣọ lè ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé kí n gba òde ìgbéyàwó lọ, aṣọ tí mo fi sílẹ̀ kò ní ké pé ebi ń pa òun. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ohun ẹlẹ́mìí ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò ni o, ọdún ni o, ẹ gbọ́dọ̀ jí fún wọn lómi. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi ọ̀wọ̀ kọ lẹ́tà yìí sí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń dùn mí.

Mòkóla ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Lábẹ́ fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, àgò onírin kan wà níbẹ̀ tó ti ṣófo láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Sùnmọ́mi ló ń gbé inú rẹ̀. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni. Nítorí àwọn tó máa ka lẹ́tà yìí tí wọn ò rí i rí: ẹranko gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, irun rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ti Sùnmọ́mi sì dúdú yí ojú rẹ̀ ká bí ẹni wọ awò. Ó lè sun oorun wákàtí 14 sí 18 lóòjọ́. Àmọ́ bó bá jí, ilé á mì. Á máa fò gìjà-gìjà, á máa fi ẹ̀yìn rìn, á sì máa jí nǹkan gbé. Èdè Látìnì ni orúkọ náà, fẹ́rẹ́ẹ̀tì, ti ṣẹ̀ wá, olè kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bọ́tìnnì mi, téèpù tí mo fi ń wọn oníbàárà, kọ́kọ́rọ́ ilé, abẹ́ àga ni mo ti máa ń bá gbogbo wọn. Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní Ìyá Sùnmọ́mi, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Ọwọ́ ọ̀kan nínú yín ni mo ti rà á. Mi ò ní dárúkọ ẹni náà, mi ò ní dárúkọ àdúgbò tó wà, torí kì í ṣe ìjà ni mo bá wá. Mi ò rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lọ́jọ́ tí mo sanwó, ó fún mi ní ìwé pélébé kan tí wọ́n tẹ oúnjẹ fẹ́rẹ́ẹ̀tì sí: kárọ́ọ̀tì, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kùkúńbà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, àti ẹran díẹ̀ bó bá wà. Ó ní bí mo bá ti sin ehoro rí, kò sí wàhálà, bákan náà ni wọ́n rí.

Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ọmọ ajòro-sùn ni wá. Wọ́n ní àwọn baba ńlá wa tó tẹ ìlú yìí dó jẹ èso òro sùn nígbà tí nǹkan le, wọ́n jẹ ìgbín yó, wọ́n fi ìkarahun rẹ̀ fọ́rí mu. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ Ìbàdàn pé èso ń ṣe ara lóore, kò ní jiyàn. Àbíkẹ́yìn mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 ló gba iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́. Láràárọ̀ kó tó lọ sílé-ìwé, á jókòó tì í, á gé kárọ́ọ̀tì sí wẹ́wẹ́, á bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Sùnmọ́mi fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn débi pé bó bá ti gbóòórùn rẹ̀, á fò já inú oorun. Àwa rò pé à ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò jáde nínú àgò. Ó ń wa eyín pọ̀, ó ń fi ọwọ́ ha ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo ṣàkíyèsí pé kò ṣu. Mo rò ó bí a ṣe ń rò ó fún èèyàn: ẹni tí kò bá rí ìgbẹ́ yà, ìbẹ́pẹ là ń fún un. Mo fọ́ ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa, mo fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Ìyẹn ni mi ò tíì lè gbàgbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ó ní nǹkan líle kan wà nínú ìfun rẹ̀ tó dí ọ̀nà pa, àfi kí wọ́n là á. Wọ́n là á. Ohun tí wọ́n yọ jáde ni kárọ́ọ̀tì, ó tóbi tó èékánná àtàǹpàkò mi, ó ṣì pupa, etí rẹ̀ ṣì mú bí ọ̀bẹ ṣe gé e. Kò yí padà rárá. Sùnmọ́mi ò rí ilẹ̀ ọjọ́rú mọ́. Kò tíì pé ọdún kan.

Mo bi dókítà náà pé báwo ni kárọ́ọ̀tì ṣe lè wà nínú ikùn lódidi bẹ́ẹ̀. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi, mo sì ti ka ohun tó pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ fi tó yín létí, torí ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bá ẹni tó fẹ́ ra òmíràn sọ̀rọ̀, kì í ṣe dókítà.

Ẹnu ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Eyín 34 ló wà lẹ́nu fẹ́rẹ́ẹ̀tì tó ti dàgbà. Ẹ wo ewúrẹ́ tó bá ń jẹ àpọ̀jẹ: àgbọ̀n rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, ó ń lọ ewé kúnná. Àgbọ̀n fẹ́rẹ́ẹ̀tì ò lè lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló mọ̀. Eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ń kọjá lára ara wọn bíi ti àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ. Ewúrẹ́ ní ọlọ lẹ́nu. Àlùmọ́gàjí ló wà lẹ́nu fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Ó lè gé ẹran, ó lè fọ́ egungun kékeré, àmọ́ kò lè lọ kárọ́ọ̀tì. Gbígbé ló máa gbé e mì.

Tó bá wá gbé e mì, ibo ló ń lọ? Ehoro ní àpò ńlá kan nínú ìfun, níbi tí àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ti ń bá a fọ́ ewé àti koríko sí wẹ́wẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kò ní àpò yẹn rárá. Ìfun rẹ̀ kúrú, oúnjẹ ò sì ń pẹ́ nínú rẹ̀: láàárín wákàtí 3 sí 4, ó ti jáde. Ohun tó jẹ láago mẹ́jọ àárọ̀, kó tó di ọ̀sán gangan ó ti di ìgbẹ́. Kò sí àyè fún ewé láti fọ́, kò sì sí ohun tó máa fọ́ ọ. Inú ẹran nìkan ni ara rẹ̀ ti lè yára rí nǹkan mú. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹun díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ, mẹ́wàá lóòjọ́.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé wọ́n ní ó jọ ehoro. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí àwọn èèyàn Yúróòpù ti ń sin fẹ́rẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ sìn ín ni pé kó máa wọ inú ihò lọ lé ehoro jáde fún ọdẹ. Ẹranko tó ń pa ehoro jẹ la wá ń fún ní oúnjẹ ehoro.

Nígbà tí mo wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó wa lọ sí ọgbà ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. A rí ọ̀bọ tó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, a rí kìnnìún níwájú ẹran tútù. Kò sí ọmọ kankan nínú wa tó sọ pé kí wọ́n ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí kìnnìún. Ológbò ilé wa pàápàá, orí ẹja là ń fún un, kò sẹ́ni tó ń ta ológbò tó ń fi kárọ́ọ̀tì lé oníbàárà lọ́wọ́. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì ò yàtọ̀ sí ológbò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí pé ó kéré, tó sì rẹwà, tó ń ṣeré bí ọmọdé, la ṣe gbàgbé pé apẹran-jẹ ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Ẹ máa ní, "Ìyá, àwa fún un, ó sì jẹ ẹ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀." Òótọ́ ni. Ó fẹ́ràn ohun dídùn gan-an: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, èso àjàrà gbígbẹ. Ọmọ mi náà fẹ́ràn súìtì, mi ò fi ṣe oúnjẹ alẹ́ fún un. Àìsàn kan wà tó wọ́pọ̀ lára fẹ́rẹ́ẹ̀tì tó bá ti lé ní ọdún mẹ́ta, pàápàá jù lọ ní Amẹ́ríkà. Insulinoma ni àwọn dókítà ń pè é. Kókó máa ń yọ lára ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlìn, ìyẹn èròjà tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ínsúlìn á wá pọ̀ jù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Ẹranko náà á kàn máa wo ọ̀ọ́kán, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní gbé e mọ́, gìrì sì lè mú un. Ọ̀pọ̀ dókítà ẹran ló fura pé oúnjẹ tí ṣúgà àti sítáàṣì pọ̀ nínú rẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á. Bí ẹ bá rí fẹ́rẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe báyìí ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ fi oyin díẹ̀ pa á ní erìgì, kí ẹ rọra ṣe é kó má gé yín níka jẹ. Bó bá ti ta jí, ẹ fún un ní ẹran, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀. Oògùn ni oyin lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ kọ́.

Èso àjàrà, ì báà jẹ́ tútù tàbí gbígbẹ, ẹ má fún un rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlùbọ́sà àti aáyù, torí wọ́n máa ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ilé Yorùbá là ń sọ. Ẹni tó bá gbọ́ pé ẹran ni fẹ́rẹ́ẹ̀tì ń jẹ, ohun tó máa kọ́kọ́ sí i lọ́kàn ni kó yọ ẹran nínú ọbẹ̀ kó fún un. Ọbẹ̀ wo la ń sè ní Ìbàdàn tí kò ní àlùbọ́sà? Ata wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, magí wà níbẹ̀. Ẹ bá wa sọ fún oníbàárà pé ẹran tí wọ́n máa fún un, kí wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ata tó kàn án.

Àwọn mìíràn á sọ pé fítámínì ńkọ́, ṣé kò nílò rẹ̀? Ó nílò rẹ̀. Inú ẹran ló ti ń rí i. Fítámínì A wà nínú ẹ̀dọ̀. Ohun kan tún wà tí wọ́n ń pè ní taurine, tí ọkàn fẹ́rẹ́ẹ̀tì àti ojú rẹ̀ nílò; inú ẹran ló wà, pàápàá ọkàn ẹran, kò sí nínú èso tàbí ẹ̀fọ́. Bí dókítà bá ní kí wọ́n fún un ní nǹkan rírọ̀ kan díẹ̀ nítorí àìsàn, ti dókítà nìyẹn. Ohun tí ara rẹ̀ nílò lójoojúmọ́ ni purotéènì tó tó ìdá 30 sí 40 nínú 100 oúnjẹ rẹ̀, ọ̀rá tó tó ìdá 15 sí 20, kí ihá inú oúnjẹ, ìyẹn apá ohun ọ̀gbìn tí kì í dà nínú ikùn, má sì lé ní ìdá 3. Ẹ gbé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n yẹn kí ẹ wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fi oúnjẹ ajá olówó pọ́ọ́kú rọ́pò, èyí tó jẹ́ pé àgbàdo àti sóyà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó lè jẹ ẹ́, ó lè sanra pàápàá. Àmọ́ purotéènì tó bá ti ara ohun ọ̀gbìn wá máa ń yí ìtọ̀ rẹ̀ padà, òkúta á wá dì sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì tí kò lè tọ̀ kò ní ọjọ́ púpọ̀ láti lò.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Mo mọ̀ pé òun gan-an ló wà nídìí "ẹran díẹ̀ bó bá wà" tí wọ́n kọ sínú ìwé yẹn. Ẹran wọ́n, mo ń lọ sọ́jà Bódìjà, mo mọ iye tó jẹ́. Ẹ̀rù ń bà yín pé bí oníbàárà bá gbọ́ pé ẹran ló máa máa rà lójoojúmọ́, á yí padà lọ. Ṣùgbọ́n fẹ́rẹ́ẹ̀tì kì í sábà wúwo ju kílò méjì lọ. Ohun tó ń jẹ lóòjọ́ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Kò pọn dandan kó jẹ́ itan adìẹ. Ọkàn adìẹ, iwe, ẹ̀dọ̀ díẹ̀ (kó má pọ̀ o), ọrùn adìẹ tí wọn ò sè, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń pa adìẹ lọ́jà, wọn kì í sì í gbówó gọbọi lórí rẹ̀. Egungun tí wọ́n bá ti sè nìkan ni kí wọ́n yẹra fún, torí ó máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Ẹyin náà dára fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè ra oúnjẹ ọmọ ológbò tó dára, èyí tí wọ́n kọ ẹran síwájú gbogbo ohun mìíràn lára àpò rẹ̀. Ẹni tí gbogbo èyí bá ṣì wọ́n jù fún, kó sin ehoro. Ehoro dára, ewé ló ń jẹ, ẹ̀yin náà sì ń tà á.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é, àwa tí a ń rà á ò lè ṣe é mọ́ tó bá ti bọ́. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì máa ń fi imú mọ oúnjẹ láti kékeré. Ohun tó bá ń jẹ kó tó pé bí oṣù mẹ́fà ló máa gbà pé oúnjẹ ni. Bó bá ti kọjá ìgbà yẹn, ẹ lè gbé ẹran tó dára jù lọ sílẹ̀, kó máa wò ó bí ẹni wo òkúta. Bí ẹ bá ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì bọ́ ọmọ fẹ́rẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ yín, ẹ ti di ẹrù tó wúwo lé ẹni tó máa rà á lórí. Ẹ fi oríṣiríṣi ẹran mọ̀ ọ́n láti kékeré, kí ẹ sì di díẹ̀ nínú ohun tó ń jẹ fún ẹni tó ń gbé e lọ, kó má baà fi ebi sun ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ ooru púpọ̀, ẹ kàn má gbé e sí oòrùn. Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 27 ara rẹ̀ ò ní gbà á, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán Ìbàdàn sì máa ń kọjá 30 lóṣù kejì àti oṣù kẹta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àìsàn dìgbòlugi àti ti distemper, àìsàn ajá tó máa ń mú fẹ́rẹ́ẹ̀tì náà, kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Bí nǹkan kan ò bá yé yín, ìlú tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà ẹran la wà; ilé ìwòsàn ẹran Yunifásítì Ìbàdàn ò jìnnà.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ yín ò pọ̀. Ẹ ya ìwé pélébé yẹn. Ẹ tẹ òmíràn, kí ẹ kọ ọ́ lédè Yorùbá kí ìyá àgbà tó wà nílé lè kà á fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹran síbi tó yẹ kó wà, lókè pátápátá. Bí oníbàárà bá bi yín pé ṣé ó ń jẹ èso, ẹ sọ fún un pé rárá. Bó bá torí ìyẹn sọ pé òun ò rà á mọ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Bí owó bá sì ṣòro láti rí fún ìwé títẹ̀, ẹ wá bá mi, màá san owó ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ó lè dà bíi pé ọ̀rọ̀ ẹranko kan ṣoṣo ni mò ń gbé gẹ̀gẹ̀ tó báyìí. Ọmọ mi bi mí lóru ọjọ́ tó kú pé ṣé òun lòun pa á. Mo ní rárá, kì í ṣe ìwọ. Ó ní ta wá ni? Mi ò rí èsì fún un.

Àgò náà ṣì dára. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo ti sá a sóòrùn. Ẹni tó bá ra fẹ́rẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín tí kò ní àgò, ẹ júwe ṣọ́ọ̀bù mi fún un, ọ̀fẹ́ ni. Àbíkẹ́yìn mi ti kọ oúnjẹ rẹ̀ sára páálí, ó fi òwú ìránṣọ mi so ó mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn àgò náà: adìẹ, ọkàn adìẹ, ẹyin, omi tútù.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Sùnmọ́mi,
aránṣọ ní Mòkóla, Ìbàdàn.